Ẹ́ńjìnnì Kan, Bíréèkì Mẹ́rin: Ìtàn Àwọn Mọ́tò Alágbára Àtijọ́ àti Ọ̀nà Ìbàdàn sí Ifẹ̀

  Bí ẹ bá ń gbọ́ mi lórí fóònù, ẹ máa gbọ́ ariwo jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò mi lẹ́yìn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara dà á, wọ́n ti mú iná láti àárọ̀. Bó bá jẹ́ pé ńṣe lẹ̀ ń kà á, ẹ kú kíkà o, ẹ̀yin lẹ jèrè.

Lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn, ọ̀kan nínú ẹ̀yin olùgbọ́ wa fi fídíò kan ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Mọ́tò pupa kan ló wà níbẹ̀, mọ́tò àtijọ́ tí imú rẹ̀ ga gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀. Ẹnì kan di irin kan mú níwájú rẹ̀, ó ń fi gbogbo ara yí i. Lójijì, mọ́tò náà bú ramúramù, iná sì ń yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bí ìgbà tí alágbẹ̀dẹ bá ń fín ẹwìrì. Ọmọ náà wá kọ ọ́ sábẹ́ fídíò pé: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi wo nǹkan yìí. Ṣé ó lè sáré ju Muscle tèmi lọ?"

Mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, mi ò rẹ́rìn-ín mọ́, nítorí pé èmi náà ti ní Muscle rí. Mo máa sọ bọ́rọ̀ òun àti èmi ṣe parí fún yín kí ètò òní tó tán. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ dá ọmọ náà lóhùn. Ká tó lè dá a lóhùn, a ní láti padà sẹ́yìn dáadáa.

Agbára ẹṣin

Bí wọ́n bá ní mọ́tò kan ní agbára ẹṣin 100, kí ni wọ́n ń sọ gan-an? Láyé ìgbà tí ẹ̀rọ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ẹṣin ló ń fa ohun gbogbo nílẹ̀ òyìnbó. Ẹni tó bá fẹ́ ta ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ jẹ́ kí oníbàárà mọ iye ẹṣin tí ẹ̀rọ náà lè gba iṣẹ́ wọn ṣe. Bí wọ́n ṣe ń fi ẹṣin wọn agbára nìyẹn, tó sì wà bẹ́ẹ̀ títí dòní.

Ìṣirò yìí ò ṣàjèjì sí àwa náà. Ẹṣin ni Ọ̀yọ́ fi jagun títí tí wọ́n fi di ilẹ̀ ńlá. Ní gbogbo ilẹ̀ Yorùbá, ọba àti ìjòyè ló ń gun ẹṣin. Ẹni tó bá ní ẹṣin mẹ́wàá ní ìso kì í ṣe ẹgbẹ́ mẹ̀kúnnù. Ẹ wá wò ó: Camry tí a ń pè ní Muscle yìí, èyí tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ lítà 2.4, nǹkan bí agbára ẹṣin 158 ló wà lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Ọmọkùnrin kan ń lọ ra súyà ní Sábó, ẹṣin 158 ló ń tẹ̀ lé e lọ. Aláàfin ìgbà àtijọ́ gan-an á yà á sọ́nà.

Ibo wá lọ̀rọ̀ mọ́tò ti bẹ̀rẹ̀? Ní ọjọ́ 29 oṣù Kìíní ọdún 1886, Karl Benz ní ilẹ̀ Jámánì kọ̀wé béèrè fún ìwé àṣẹ lórí mọ́tò ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kan tó ń lo ẹ́ńjìnnì. Agbára rẹ̀ kò tó ti ẹṣin kan ṣoṣo. Eré tó lè sá kò ju kìlómítà 16 ní wákàtí kan lọ. Ọlọ́kadà tó rọra ń wá èrò kiri Lágéré máa kọjá lára rẹ̀, á tún bojú wẹ̀yìn wò ó.

Àwọn èèyàn ò fi bẹ́ẹ̀ ka nǹkan náà sí. Ìyàwó Benz ló wá yí ọ̀rọ̀ padà. Bertha lorúkọ rẹ̀. Nínú oṣù Kẹjọ ọdún 1888, ó kó àwọn ọmọkùnrin rẹ̀ méjì sínú mọ́tò náà, kò sọ fún ọkọ rẹ̀, ó di ìlú Pforzheim láti Mannheim, ìrìn tó lé ní kìlómítà 100. Ilé olóògùn ló ti ra epo lójú ọ̀nà, torí kò sí ilé epo kankan láyé nígbà yẹn. Nígbà tí ọ̀pá epo dí, pín-ìnnì ló fi là á. Ẹ ṣá gbọ́ èyí tó wù mí jù nínú ìtàn náà: bó ṣe ń sọ̀kalẹ̀ lórí òkè, igi tí wọ́n fi ṣe bíréèkì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ tán. Bertha yà sọ́dọ̀ abọ̀tàṣe kan, ó ní kó bá òun kan awọ mọ́ ọn. Bí ohun tí à ń pè ní pádì bíréèkì lónìí ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Obìnrin tó ń sọ̀kalẹ̀ lórí òkè, tí ọmọ méjì jókòó tì í, òun ló kọ́kọ́ rí i pé kí mọ́tò lọ nìkan ò tó, ó gbọ́dọ̀ lè dúró.

Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn o. Àwọn ọkùnrin tó tẹ̀ lé e ò fi sọ́kàn.

Eré, eré, eré

Láàárín ọdún 25 tó tẹ̀ lé e, ńṣe ni nǹkan yára kánkán. Ní ọdún 1899, ọmọ ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù kan tó ń jẹ́ Camille Jenatzy wa mọ́tò kan tó rí bí ọta ìbọn, ní ẹ̀gbẹ́ ìlú Paris. Ó sá kìlómítà 105 ní wákàtí kan, òun sì ni mọ́tò àkọ́kọ́ tó kọjá 100. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ rò pé mọ́tò oníná bẹ̀rẹ̀ lórí Tesla, ẹ gbọ́ o: iná bátìrì ni mọ́tò náà ń lò.

Ní ọdún 1900, oníṣòwò kan tó ń jẹ́ Emil Jellinek ní kí iléeṣẹ́ Daimler bá òun ṣe mọ́tò tó lágbára, tó sún mọ́ ilẹ̀, tí kò ní máa fì síbí fì sọ́hùn-ún. Wilhelm Maybach ló ya iṣẹ́ náà. Agbára ẹṣin 35 ni. Jellinek fi orúkọ ọmọbìnrin rẹ̀ pe mọ́tò náà. Orúkọ ọmọ náà ni Mercédès. Ní oṣù Kẹta ọdún 1901, mọ́tò náà lọ sí ìdíje ní ìlú Nice nílẹ̀ Faransé, ó sì fi gbogbo àwọn yòókù sẹ́yìn. Èyí tí ẹ ń rí lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì àwọn ọlọ́lá lónìí, orúkọ ọmọ ọdún mọ́kànlá ni.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹṣin iwájú ni tẹ̀yìn ń wò sáré. Gbogbo iléeṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í lé Mercedes. Ẹni tó ṣe 35, ẹnì kejì ṣe 60, ẹnì kẹta ṣe 70. Bí wọ́n ṣe ṣe é ò le: wọ́n kàn ń fẹ ikùn ẹ́ńjìnnì sí i ni. Kò sẹ́ni tó bi ara rẹ̀ pé, táyà ńkọ́? Ọ̀nà ńkọ́? Bíréèkì ńkọ́?

Ìdáhùn dé ní ọjọ́ 24 oṣù Karùn-ún ọdún 1903. Ìdíje láti Paris dé Madrid ni. Láti nǹkan bí aago mẹ́ta ààbọ̀ òru ni wọ́n ti ń tú mọ́tò sílẹ̀ ní Versailles, wọ́n lé ní 200. Ojú ọ̀nà eléruku ni, èrò sì tò sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, àwọn mìíràn tilẹ̀ bọ́ sí àárín ọ̀nà láti wòran. Eruku bo ojú àwọn awakọ̀, wọn ò rí iwájú mọ́. Mọ́tò ya wọ inú igi, ó ya lu èèyàn. Kí wọ́n tó dé Bordeaux, ó kéré tán èèyàn mẹ́jọ ti bá a lọ. Marcel Renault wà lára wọn, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ìyá tó dá iléeṣẹ́ Renault sílẹ̀. Ìjọba ní kí wọ́n dá ìdíje náà dúró ní Bordeaux níbẹ̀. Wọn ò tiẹ̀ jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tan ẹ́ńjìnnì mọ́. Ẹṣin ni wọ́n fi wọ́ àwọn mọ́tò náà lọ sí ibùdókọ̀ ojú irin, ọkọ̀ ojú irin ló sì kó wọn padà sílé.

Ẹ bá mi fojú inú wò ó. Mọ́tò tó ní agbára ẹṣin 70, ẹṣin méjì ló ń wọ́ ọ lọ.

Ẹranko Turin

Wọn ò gbọ́ síbẹ̀. Ní ọdún 1909, iléeṣẹ́ Benz gbé èyí tí wọ́n ń pè ní Blitzen Benz jáde. Mọ̀nàmọ́ná ni ìtumọ̀ orúkọ yẹn lédè Jámánì. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ lítà 21.5, agbára ẹṣin 200. Ní ọdún yẹn kan náà, ó kọjá kìlómítà 200 ní wákàtí kan ní Brooklands, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tó di oṣù Kẹrin ọdún 1911, Bob Burman wà á létí òkun Daytona ní Amẹ́ríkà, ó sá 228. Bàálù ìgbà yẹn ò lè sáré tó o.

Àwọn Fiat nílẹ̀ Ítálì gbọ́, inú bí wọn. Wọ́n wá ṣe èyí tí ọmọ náà fi fídíò rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi: Fiat S76. Àwọn èèyàn sọ ọ́ ní Ẹranko Turin. Ẹ́ńjìnnì lítà 28! Mi ò sọ̀rọ̀ epo inú táńkì o, àyè inú sílíńdà ni mò ń wí, ibi tí epo ti ń gbiná. Ẹ ṣáà mọ kẹ́ẹ̀gì òróró lítà 25 tí wọ́n ń gbé lọ́jà? Ẹ rọ ọ́ sínú ẹ́ńjìnnì yẹn, kò ní kún. Sílíńdà mẹ́rin péré ló sì ní, lítà méje méje. Ìdí nìyẹn tó fi ń yọ iná. Ọkùnrin ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan tó ń jẹ́ Duncan Pittaway ló fi ọ̀pọ̀ ọdún tún un ṣe, tó fi tún sáré níwájú èrò ní Goodwood lọ́dún 2015. Ibẹ̀ ni fídíò yẹn ti wá.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká dáhùn ìbéèrè. Agbára ẹṣin Ẹranko Turin jẹ́ 290. Muscle tó ní ẹ́ńjìnnì V6, lítà 3.5, tirẹ̀ jẹ́ 268. Ṣé ẹ gbọ́? Ohun tí wọ́n fi lítà 28 ṣe nígbà yẹn, tí gbogbo ayé pariwo ẹranko, ẹranko, ohun tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó o ló wà nínú tọ́kùnbọ̀ tí wọ́n gbé kalẹ̀ fún títà lẹ́bàá ọ̀nà. Àbúrò, ẹranko ni ìwọ náà ń wà. Ìyàtọ̀ kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀ ni pé tìrẹ ò pariwo. Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ là ń pè é, ó ń yọ́ kẹ́lẹ́ lọ ni. Ẹni tó jókòó lórí Ẹranko Turin mọ̀ pé ikú lòun gùn: atẹ́gùn ń gbá a lójú, iná ń jó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, etí rẹ̀ ń hó. Ìwọ ń bẹ nínú A/C, orin ń lọ, o ò mọ̀ pé o ti wọ 140.

Ohun kan wà tí ẹ ò lè rí dáadáa nínú fídíò yẹn. Ẹranko Turin ò ní bíréèkì kankan ní táyà iwájú. Blitzen Benz náà ò ní. Ẹ̀yìn nìkan ni bíréèkì wọn wà. Bẹ́ẹ̀, nígbà tí mọ́tò bá fẹ́ dúró, iwájú ni gbogbo ẹrù rẹ̀ ń rọ́ sí, táyà iwájú ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ ìdádúró. Mọ́tò Ford T tí wọ́n ṣe láti 1908 títí di 1927, tí wọ́n tà ju mílíọ̀nù 15 lọ kárí ayé, òun náà ò ní bíréèkì iwájú. Ẹ̀yìn ọdún 1920 ni bíréèkì ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣẹ̀ṣẹ̀ ń di ohun tó wọ́pọ̀. Èyí túmọ̀ sí pé fún nǹkan bí ogójì ọdún, gbogbo ọgbọ́n tó wà lórí àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n wọ̀nyẹn, bí mọ́tò á ṣe lọ ni wọ́n fi ń wá. Ọgbọ́n bó ṣe máa dúró, ẹ̀yìn ló dé.

Ó kan ilé wa

Ní oṣù Kìíní ọdún 1906, mọ́tò kan tó ń lo ooru omi sá ju kìlómítà 205 lọ ní wákàtí kan ní Florida, ní Amẹ́ríkà. Ní ọdún 1906 yẹn kan náà, kí ló ń ṣẹlẹ̀ níbí? Ìgbà yẹn ni wọ́n ṣe ọ̀nà Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́, èyí tí wọ́n máa ń kà sí ọ̀nà mọ́tò àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Ọkọ̀ ojú irin ti dé Ìbàdàn láti 1901. Ohun tí wọ́n fẹ́ kí mọ́tò ṣe ni kó máa kó ẹrù àti èrò wá bá a. Ní Èkó, ọmọ Yorùbá kan tó ń jẹ́ William Akínọlá Dáwódù wà lára àwọn tó kọ́kọ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń tún mọ́tò ṣe, tó sì ń tà wọ́n. Nígbà tó yá, ọkọ̀ akẹ́rù dé, ó gba kòkó lórí àwọn alárùú. Ilẹ̀ Ifẹ̀ yìí wà lára ibi tí kòkó ti ń jáde.

Kò pẹ́ tí àwọn awakọ̀ wa fi mọ ẹni tó ni irin. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Ifẹ̀, ẹ mọ̀ pé Ògún Ládìn wà nínú ààfin Ọọ̀ni. Ẹ mọ̀ pé lọ́jọ́ Ọlọ́jọ́, Ọọ̀ni á dé adé Àrè, á jáde lọ sí Òkè Mògún. Awakọ̀ ayé àtijọ́ ò ní bá irin lọ sí ìrìn àjò láìkọ́kọ́ bá ẹni tó ni ín sọ̀rọ̀. Bó bá wù yín ẹ gbà á gbọ́, bó bá wù yín ẹ má gbà á gbọ́. Ohun tí èmi rí nínú rẹ̀ ni pé wọ́n mọ̀ pé nǹkan tó wà lábẹ́ àwọn lágbára ju àwọn lọ. Ìbẹ̀rù yẹn wúlò. Àwa ti fi àdúrà gbólóhùn kan àti sítíkà ẹ̀yìn mọ́tò rọ́pò rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀nà Ìbàdàn sí Ifẹ̀ wá di ohun tí gbogbo èèyàn ń gbọ́ orúkọ rẹ̀, kì í ṣe fún ire. Wọlé Ṣóyínká ń kọ́ni ní Yunifásítì Ifẹ̀ láti 1975. Ó rí bí ọ̀nà náà ṣe ń pa àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti àwọn olùkọ́. Ọkùnrin tó ti kọ eré ìtàgé kan lórí àwọn awakọ̀ àti ikú ojú ọ̀nà láti 1965, kò kàn jókòó kó máa kọ̀wé nìkan. Ó wà nídìí bí àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó ti ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ṣe bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1977. Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ni Ifẹ̀ wà nígbà yẹn. Májàmájà ni àwọn èèyàn ń pè wọ́n. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ dá FRSC sílẹ̀ lọ́dún 1988, òun ni wọ́n fi ṣe alága àkọ́kọ́. Èyí jẹ́ ọdún méjì lẹ́yìn tó gba ẹ̀bùn Nobel. Nítorí náà, bí ẹ bá rí àwọn onífìlà pupa yẹn lójú ọ̀nà, tí inú ń bí yín, ẹ rántí pé ojú ọ̀nà tiwa yìí gan-an wà lára ohun tó bí wọn.

Tèmi

Ó dáa. Mo ṣèlérí pé màá sọ tèmi.

Mo ra Muscle mi ní tọ́kùnbọ̀, lítà 2.4. Owó tí mo fi ọdún mẹ́ta kó jọ ni. Oṣù àkọ́kọ́ tí mo rà á, mo ki spíkà ńlá sí bùútù rẹ̀. Oṣù kejì, mo pààrọ̀ sáléńsà kó lè máa bú bí kìnnìún bí mo bá ń kọjá ní Mayfair. Nígbà tí bíréèkì bẹ̀rẹ̀ sí í han, mẹkáníìkì ní kí n pààrọ̀ pádì rẹ̀. Mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù kan. Òǹtajà náà gbé oríṣi méjì kalẹ̀. Ọ̀kan wọ́n, èkejì ò tó ìdajì owó rẹ̀. Ó ní ọ̀kan náà ni wọ́n, ó ní páálí lásán ló yàtọ̀. Mo mọ̀ pé irọ́ ni. Èmi tí mo mọ owó spíkà, mo mọ̀. Mo ra èyí tó pọ́ọ́kú.

Ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn náà, èmi àti àbúrò mi obìnrin ń bọ̀ láti Ìbàdàn. Ó ń padà sí iléèwé. Òjò ti rọ̀, ó ti dá. A ti kọjá Aṣẹ́jirẹ́, a ti kọjá Ìkírè, a ti ra dòdò Ìkírè pàápàá, ó wà lórí ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ń jẹ ẹ́. Mo wà lórí 120. Àbúrò mi ní, "Ẹ rọra sá o." Mo ní kó fọkàn balẹ̀.

Bí a ṣe yọ ní kọ́nà kan, mo rí ewé lójú ọ̀nà. Ẹ mọ ewé yẹn, èyí tí wọ́n máa ń já sílẹ̀ bí ọkọ̀ bá bàjẹ́ níwájú. Tírélà kan dúró lẹ́yìn ewé náà. Mo tẹ bíréèkì. Ó mú díẹ̀, ó sì rì. Mo tún tẹ̀ ẹ́, ẹsẹ̀ mi kan ilẹ̀. Mi ò gbàgbé bó ṣe rọ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ mi, bí ìgbà tí èèyàn bá tẹ ẹrẹ̀. Mo yí ìdarí, a wọ igbó, a forí sọ igi, gbogbo nǹkan dákẹ́. Rédíò nìkan ni ò dákẹ́. Spíkà ńlá tí mo rà ṣì ń kọrin.

Kò sí nǹkan tó ṣe mí ju ọgbẹ́ díẹ̀ lọ. Apá ọ̀tún àbúrò mi kán sí ọ̀nà méjì. Ó ti san, a dúpẹ́, ṣùgbọ́n títí dòní kò lè gbé e kọjá èjìká dáadáa. Fún ọdún kan gbáko, kò jókòó síwájú nínú mọ́tò ẹnikẹ́ni. Kò bá mi jà rí lórí ọ̀rọ̀ náà, ìyẹn gan-an ló ń dùn mí jù.

Wọ́n wọ́ Muscle lọ sọ́dọ̀ bàbá mẹkáníìkì kan ní Mọ̀dákẹ́kẹ́. Bàbá yọ táyà, ó yọ pádì náà, ó fi ọwọ́ rún un, ó ń já bí búrẹ́dì tó ti sá. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣépè lé òǹtajà. Bàbá wò mí, wọ́n ní:

"Ìwọ ọmọ yìí, ẹ́ńjìnnì mélòó ló wà nínú mọ́tò yìí?"

Mo ní, "Ọ̀kan ni, bàbá."

"Bíréèkì ńkọ́?"

Mo wo àwọn táyà. "Mẹ́rin, sà."

"Ẹ́ńjìnnì kan, bíréèkì mẹ́rin. Ṣé o rò pé ẹni tó ṣe é kò mọ ìṣirò ni?"

Wọ́n padà sídìí iṣẹ́ wọn. Ọ̀rọ̀ náà ò tíì kúrò létí mi. Nígbà tí mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìtàn Ẹranko Turin, tí mo rí i pé iwájú rẹ̀ ò ní bíréèkì, bàbá yẹn ni mo rántí. Àwọn ará 1911 ò tíì mọ̀ ni. Ọ̀pọ̀ èèyàn ti kú ká tó mọ̀ ọ́n. Ẹ̀kọ́ yẹn ti wà nínú gbogbo mọ́tò tí à ń rà báyìí, ní táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Èmi fi ọwọ́ ara mi yọ ọ́ kúrò, mo sì sọ Muscle ti 2007 di mọ́tò 1911.

Kí ẹ tó lọ

Mi ò ní kẹ́ ẹ má fẹ́ràn mọ́tò o. Èmi náà ṣì fẹ́ràn ẹ̀. Mo ti wo fídíò Ẹranko yẹn ju ìgbà ogún lọ. Nǹkan mẹ́ta péré ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ mú lọ.

Àkọ́kọ́, ìṣirò eré. Bí ẹ bá sọ eré yín di ìlọ́po méjì, ibi tí bíréèkì máa gbà kó tó dá mọ́tò dúró á di ìlọ́po mẹ́rin. Kì í ṣe méjì, mẹ́rin ni. Ẹni tó ń sá 120 tó rò pé òun kàn fi ìlọ́po méjì ju ẹni tó ń sá 60 lọ, ó ń tan ara rẹ̀ jẹ.

Èkejì, fóònù. Bí ẹ bá wà lórí 100, mọ́tò yín ń lọ nǹkan bí mítà 28 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ẹ wo WhatsApp fún ìṣẹ́jú-àáyá méjì péré, ẹ ti fi ojú dídì wa mọ́tò kọjá ìdajì pápá bọ́ọ̀lù. Bí ètò yìí bá ń lọ nínú mọ́tò yín báyìí, ẹ jẹ́ kó máa lọ, ẹ má fọwọ́ kàn án.

Ẹ̀kẹta, táyà. Ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ẹ wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, níbi tí wọ́n kọ DOT sí. Nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn ni ọjọ́ orí rẹ̀. Bí ẹ bá rí 2319, ọ̀sẹ̀ 23 nínú ọdún 2019 ni wọ́n ṣe é. Táyà tó ti gbó á ṣì máa dán bí wọ́n bá fi ọṣẹ fọ̀ ọ́. Ẹ má wo dídán rẹ̀. Bí ẹ bá sì fẹ́ ra pádì, ẹ mú mẹkáníìkì yín dání, kẹ́ ẹ ra ojúlówó. Ẹ fi ọ̀rọ̀ spíkà dúró ná.

Àbúrò mi, ìwọ tó fi fídíò ránṣẹ́, ìdáhùn ìbéèrè rẹ nìyí: ẹranko yẹn lè sáré ju Muscle rẹ lọ díẹ̀. Ṣùgbọ́n Muscle rẹ lè dúró, òun ò lè dúró. Níbẹ̀ ni tìrẹ ti ju tirẹ̀ lọ. Bí o bá tọ́jú ẹ̀ nìyẹn o.

Ọ̀rọ̀ tó kẹ́yìn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń kà wá lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àbúrò mi obìnrin tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí ló máa ń gbọ́ ètò wa, tó sì ń tẹ gbogbo ẹ̀ jáde. Mo gba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀ kí n tó sọ ìtàn yìí. Ó ní kí n sọ ọ́, ṣùgbọ́n kí n má dín eré tí mo sá kù.

(Èmi ni mò ń tẹ̀ ẹ́ o. 130 ni, kì í ṣe 120. Mo wo mítà.)

Ẹ rọra wakọ̀ o. Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, bí Ẹlẹ́dàá bá dá ẹ̀mí sí. Láti Ilé-Ifẹ̀, ó dàbọ̀.